Erékùṣù tí ò sẹ́ni tó fi ibẹ̀ ṣelé, àmọ́ tí ilẹ̀ ẹ̀ ń rú èéfín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ ibi tó jìnnà jù tẹ́ ẹ dé látàárọ̀, ẹ fún èmi náà láyè. Ọmọ Iléṣà ni mí, àmọ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń jẹun, kíṣìnì ni wọ́n fi mí sí, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó ń lọ gbafẹ́ láti Ushuaia ní Ajẹntínà lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà nísàlẹ̀ ayé pátápátá. Ẹ má bi mí bí Ìjẹ̀ṣà ṣe débẹ̀, òṣómàáló ò níbi tí ò lè dé tówó bá ti wà níbẹ̀.

Òkun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ là kọjá ni Drake Passage. Tó bá ń bínú, ìkòkò ò ní jókòó lórí iná, àwọn àlejò á máa bì káàkiri, oúnjẹ á kàn ṣẹ́kù lọ súà ni. Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀.

Deception Island ni mo fẹ́ sọ, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù South Shetland ni. Tẹ́ ẹ bá wò ó lórí máàpù, ó rí roboto bí òrùka tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan sán. Òkè ayọnáyèéfín ni, ó bú nígbà láéláé, àárín ẹ̀ rì wọlẹ̀, omi òkun wá gba ibi tó sán yẹn ya wọnú ẹ̀. Tó túmọ̀ sí pé tí ọkọ̀ bá wọbẹ̀, ẹnu fólkénò gan-an ló wọ̀ yẹn o, fólkénò tó ṣì wà láàyè! Ibẹ̀ ló tún wá jẹ́ pé ọkọ̀ ti ń rí ibi sá sí fún ìjì, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn ò fi yéé wọ̀ ọ́ látayé àwọn tó ń pa àbùùbùtán. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ há, Neptune's Bellows lorúkọ ẹ̀, àpáta kan wá lúgọ sábẹ́ omi láàárín ẹ̀ gbùngbùn, ẹ̀gbẹ́ kan lọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra gbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ojú wíńdò kíṣìnì ni mo dúró sí, ògiri òkúta ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọbẹ̀ ń hó lẹ́yìn mi, ọ̀gá ń pe orúkọ mi, mi ò dáhùn.

Tíṣẹ́ bá dẹ̀ wọ́n máa ń jẹ́ káwa òṣìṣẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ rénbúùtù yín, ẹ ó tì í bọ omi oògùn, kẹ́ ẹ má bàa gbé kòkòrò tàbí èso koríko kankan débẹ̀. Èèyàn 100 péré ló lè wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹun, ẹ ò gbọ́dọ̀ tọ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ pẹ́ńgúìnì ju mítà 5 lọ, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńgúìnì ò mọ òfin, òun ló ń rìn bọ̀ wá bá yín.

Yanrìn ibẹ̀ dúdú kirikiri. Yìnyín wà lórí òkè, èéfín ń rú létí omi. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fìka wa yanrìn díẹ̀, omi tó sun síbẹ̀ gbóná, kì í ṣe lílọ́ wọ́ọ́rọ́ o, kíá ni mo fa ìka mi yọ. Mo wá tọwọ́ bọ òkun fúnra ẹ̀, òtútù ẹ̀ wọ̀ mí dé egungun. Àwa tá a ti lọ Ìkògòsì mọ omi gbígbóná àti tútù tó pàdé, àmọ́ ti Ìkògòsì kì í rùn. Eléyìí ń rùn imí ọjọ́.

Àwọn irin tó wà níbẹ̀ ló wá mú mi dúró. Láti 1912 dé 1931 làwọn ará Nọ́wè fi ń se àbùùbùtán níbẹ̀ kí wọ́n lè rí òróró ẹ̀, nígbà tówó òróró já wálẹ̀ ni wọ́n bá kó lọ, wọ́n fi táńkì àti ìkòkò irin ràgàjì sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti dípẹtà. Gẹ̀ẹ́sì náà wá kọ́lé síbẹ̀ ní 1944, Ṣílè kọ́ tiwọn sí apá ibòmíì. Ní 1967 ilẹ̀ bú, ó ba ti Ṣílè jẹ́ pátápátá, Gẹ̀ẹ́sì sá lọ, wọ́n tún padà wá, àfi ìgbà tó tún bú ní 1969, yìnyín yọ́, omi ẹrẹ̀ ya wálẹ̀ ó gba ààrin ilé wọn kọjá. Sàréè 35 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹrẹ̀ yẹn ló bò ó. Ilé tí sàréè bàbá bàbá mi wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára: ọmọ ẹni lọ síṣẹ́, ó kú sọ́hùn-ún, wọ́n sin ín, sàréè náà tún wá sọnù.

Ìgbà tí mo délé, ìyá mi ní kí ni mo mú bọ̀. Mo ní òfin ò gbà kéèyàn mú òkúta kan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí ò sọ́jà, tí ò sẹ́nìyàn, tó o tún fọ bàtà kó o tó wọ̀ ọ́, kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Mo ní wọ́n sanwó fún mi ni. Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa nígbà yẹn.

*

Bọ̀dá, ẹ kú ewu òkun o. Ilé-Ifẹ̀ ni tèmi. Ti Kamẹrúùnù ni mo rí, àǹtí mi tó ń gbé ní Limbe ló mú mi lọ sí Bakingili, níbi tí iná òkè ayọnáyèéfín wọn, Mount Cameroon, ṣàn dé ní 1999, ó gba orí títì Idenau kọjá, díẹ̀ ló kù kó dé òkun. Ó ti di òkúta dúdú báyìí, ṣákaṣàka, ó lè ya bàtà, koríko sì ti ń hù lára ẹ̀. Àwọn Bakweri tó ń gbé níbẹ̀ ní Epasa Moto, òrìṣà wọn, ló ni òkè yẹn. Àmọ́ ibẹ̀ èèyàn ń gbé ní tiẹ̀ o, wọ́n ń ta ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mi ò lè dá wà níbi tẹ́yin lọ yẹn láé.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń wọ irú iṣẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Físà ńkọ́?

*

Àbúrò, Antarctica ò ní físà, ti orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí STCW, ìyẹn ti ààbò lójú omi, kẹ́ ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ara ti àwọn atukọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín wá iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ sá fún un, òfin MLC 2006, ìyẹn òfin àgbáyé lórí iṣẹ́ àwọn atukọ̀, ò gbà kí wọ́n gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ iyán gún, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ máa fi wáṣẹ́, ẹ kọ búrẹ́dì.