Ẹnu ọmọ mi ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó bá ń ké

Ìyá Ìkókó, Ọbántokò:
Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a sọ ọmọkùnrin mi lórúkọ. Ìrọbí rẹ̀ pẹ́ gan-an kí ó tó wá sáyé. Bí ó bá sùn, n kò rí ohun tó burú ní ojú rẹ̀ ju pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tẹ̀ wọlé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ké, apá ọ̀tún ètè ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ń wálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ní yóò tò. N kò lè bá wọn jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi kò balẹ̀.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà:
Ìyá ìkókó, kú ọwọ́ lómi o. Ọ̀rọ̀ méjì ni ìwọ so pọ̀ yìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ wọlé sábà máa ń wá láti inú oyún, bí ọmọ bá fi èjìká tì í, tàbí láti ojú ọ̀nà ìbí, ó sì máa ń tò fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí awọ ọmọ tuntun tètè ń bó.

Ti ẹnu ni kí o mójú tó. Ibi tó ń wọ́ ni gbogbo ènìyàn ń wò, nígbà tó jẹ́ pé apá tí kò mira ni àárẹ̀ wà. Bí ó bá ń ké, ṣé ojú méjèèjì ń dì, ṣé iwájú orí rẹ̀ sì ń hunjọ ní ọ̀tún àti òsì? Bí ojú òsì kò bá dì tán, ó ṣeé ṣe kí ìbí náà ti tẹ iṣan tí ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ wá sí ojú. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹyinjú kí ó má baà gbẹ. Bí ó bá ń dì dáadáa, ó lè jẹ́ ẹran kékeré tí ń fa ètè wálẹ̀ ni kò pé lápá òsì. Ìyẹn kì í sábà dí ọmú mímu lọ́wọ́, àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń bá àrùn ọkàn rìn, nítorí náà ni kí wọ́n ṣe yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Aṣerò:
Wo ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì mi kì í kọjú sí ibòmíràn ju ọ̀tún lọ, orí rẹ̀ lápá ibẹ̀ sì ti fẹ́ẹ́ pẹlẹbẹ; àṣé ọrùn ni ó le. Wọ́n kọ́ mi bí n ó ṣe máa nà án díẹ̀díẹ̀, àti bí n ó ṣe máa dá a dojú bolẹ̀ níṣojú mi nígbà tó bá lajú. Bí ó bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn ló ń fi lélẹ̀. Fi fóònù ya fídíò igbe rẹ̀ o, torí oorun ni àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń sùn níwájú dókítà. Mú Màmá dání lọ, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Ìyá Ìkókó, Ọbántokò:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké tán: ojú méjèèjì dì, iwájú orí hunjọ níbi gbogbo, ètè nìkan ni kò dọ́gba. Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Màmá yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.