Bí mo ṣe sọ bàbá ẹlòmíràn di bàbá ńlá wa

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ àṣìṣe tí ẹ ṣe níbi tí ẹ ti ń wá ìran yín, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kí òkú olókùú ní bàbá.

Sàró ni wá, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Sierra Leone, Abẹ́òkúta sì ni àwọn bàbá wa padà sí. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ orúkọ Sàró ṣe rí. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun tí wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone, orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń gbà níbi ìrìbọmi. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther pàápàá, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un ní 1825. Williams mẹ́wàá lè wà ládùúgbò kan kí wọ́n má bá ara wọn tan rárá. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo kó sí i.

Àjàyí ni bàbá ńlá wa, ẹni tó bí bàbá bàbá mi, ń jẹ́. Mo rí Àjàyí kan nínú àtẹ ìran tí ẹnìkan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ ìdílé kan náà, ìlú kan náà, àní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Mo wá ibojì rẹ̀ lọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìdọ̀tí ara òkúta náà títí lẹ́tà fi hàn: káfíńtà, ó kú ní 1893. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Àwọn kan sunkún ayọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nìkan ni kò fèsì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n ka oríkì tó wà lábẹ́ orúkọ bàbá náà nínú àtẹ ìran orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn. Mi ò tíì ka "Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí" tán tí wọ́n fi gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀, ọmọ mi. Ọmọ Òpómúléró ni bàbá mi fi ń kí mi láàárọ̀. Àjàyí ta lo gbé wá yìí?"

Ara mi bù máṣọ. Mo padà lọ ṣí ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, tádàwà rẹ̀ ti pọ́n bí omi obì. Ìlà bàbá bàbá mi nìyí: wọ́n bí i ní 1901, iṣẹ́ bàbá rẹ̀, télọ̀. Ẹni tó kú ní 1893, báwo ló ṣe bímọ ní 1901? Gbogbo ọmọ tó bá dojúbolẹ̀ wáyé ló ń jẹ́ Àjàyí! Ní báyìí, kí n tó kọ orúkọ kan sílẹ̀, oríkì orílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè, lẹ́yìn náà èèwọ̀ ilé, kí n tó wá fi ọdún wé ọdún.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ọmọ Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti oko ẹrú ní Brazil, ni èmi, da Silva. Obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Bahia ní Brazil pé ẹbí ni wá, torí pé da Silva lòun náà. Inú mi dùn débi pé n kò sùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó rà wọ́n ni ọ̀pọ̀ ẹrú ń jẹ́ lọ́hùn-ún, orúkọ nìkan kò tó. Mo bi í ní orúkọ Yorùbá ìyá ìyá rẹ̀ àti òrìṣà tí ilé wọn ń bọ. Kò mọ ọ̀kankan. A ṣì ń kí ara wa lọ́jọ́ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n nínú àtẹ ìran wa, òfìfo ni mo fi àyè yẹn sí.