Gray àti Chantelle nínú EastEnders: kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọkọ di apààyàn?

Ìyá Bọ̀dé, Woolwich

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ EastEnders, eré àtìgbàdégbà orí BBC, ni mo tún gbé dé. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ti Gray Atkins àti Chantelle ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀ lé e rò.

Fún ẹni tí kò bá rántí: ọdún 2019 ni wọ́n kó dé Walford, àdúgbò inú eré náà, pẹ̀lú ọmọ wọn méjì, Mia àti Mackenzie. Lọ́yà ni Gray. Onídìrí ni Chantelle, ọmọ Mitch Baker àti Karen Taylor. Ẹ mọ ilé Karen: ariwo, ìjà, ẹ̀rín, kò sí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún aládùúgbò. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Gray wọ̀ bí àna gidi, súùtù ń dán lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Karen a máa fi í yangàn. Bí ọ̀ràn ọlọ́pàá bá dé, òun ni wọ́n ń sáré tọ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ti wọlé tán tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó di nǹkan mìíràn. Ohun tó wù mí nínú bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni pé wọn ò kánjú. Ó ń yẹ fóònù ìyàwó wò. Ó ń bi í pé kí ló mú un pẹ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó bá lù ú tán, á bẹ̀bẹ̀, á ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Chantelle á tún ojú ṣe, á sì lọ rẹ́rìn-ín fún ìyá rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Lóṣù kẹfà 2020, kòrónà lé wọn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1985 tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n padà lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, a wá rí ohun tí ìsémọ́lé ti sọ ilé yẹn dà. Láàárín oṣù yẹn náà ni Gray ti Chantelle, tó ṣubú lé ọ̀bẹ tó dúró ṣánṣán nínú ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́, ó wá sọ fún gbogbo ayé pé jàǹbá ni.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí tọkọtìyàwó bá ń jà, wọ́n a máa rán méjì nínú wa lọ. Nínú gbogbo ilé tí mo ti wọ̀, mi ò tíì rí ọkọ kan tó jọ ìkà lójú. Ẹni tó ń darí àdúrà ni, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn àgbàlagbà relé lẹ́yìn ìsìn ni. Obìnrin kan wà láàárín wa, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, a ti bá a sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ò ju pé "ó máa ń tètè bínú ni." Lálẹ́ ọjọ́ kan a jọ ń wo Gray bó ṣe ń yẹ fóònù Chantelle wò, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mà, bó ṣe ń ṣe fún èmi náà nìyẹn." Ohun tí gbogbo àdúrà àti ìmọ̀ràn wa kò rí yọ lẹ́nu rẹ̀, eré yẹn yọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń bínú sí àwọn tó kọ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ikú Chantelle, wọn ò dúró ti ilé mọ́. Gray pa Tina, ará àdúgbò wọn, lóṣù kejìlá ọdún náà. Lóṣù kẹrin 2021 ó ti Kush, ará àdúgbò náà mìíràn, sí iwájú ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ Chelsea Fox, ó sì tún ń wá bí yóò ṣe pa òun náà, títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ lóṣù kẹta 2022. Alẹ́ ọjọ́ tí Kush kú, obìnrin tí mo sọ yẹn pè mí lórí fóònù. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó ní, "Mà, tèmi ò burú tó yẹn o."

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Obìnrin tó ti rí ọkọ rẹ̀ nínú Gray, wọ́n fún un ní ọ̀nà láti má rí i mọ́. Nígbà tí Gray jẹ́ ọkọ lásán tó ń yẹ fóònù wò, àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò. Nígbà tó di ẹni tó ń pa èèyàn káàkiri, àwọn yòókù bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́.

Eré yìí kan náà ló sì fi hàn wá pé òun mọ bí a ti í ṣe sùúrù. Ẹ rántí Mark Fowler. Láti 1991 la ti mọ̀ pé ó ní kòkòrò HIV, Gill ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún 1992 kété lẹ́yìn ìgbéyàwó, òun sì ń jí, ó ń lọ sọ́jà, ó ń ta èso àti ẹ̀fọ́ níwájú wa títí di 2003. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ́kọ́ tibẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ní kòkòrò yìí lè ṣiṣẹ́, kó fẹ́yàwó, kó bínú, kó sanwó ilé. Wọn ò sọ Mark di nǹkan abàmì kí a tó lè máa wò ó.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé èmi nìkan ló rí i báyìí? Ìtàn wo lẹ tún mọ̀ nínú irú àwọn eré yìí tí wọ́n bá dé òpin láìbà á jẹ́?

Adùn, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Coronation Street lèmi ń wò ní tèmi, mo sì fara mọ́ ohun tí ẹ sọ.

Ẹ lọ wo ìtàn Geoff àti Yasmeen ìyàwó rẹ̀. Geoff kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti Gray lọ. Bàbá àgbàlagbà tó ń pidán, tó ń ṣe rédíò ilé ìwòsàn, tó ń pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó gbé kámẹ́rà sínú ilé kó lè máa ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ti í mọ́ inú àpótí tó fi ń pidán. Yasmeen ń sin adìyẹ, ó fẹ́ràn ọ̀kan tó sọ ní Charlotte Brontë. Geoff pa adìyẹ yẹn, ó sè é, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ fún un. Mà, kò nà án lọ́jọ́ yẹn. Kò fọwọ́ kàn án rárá. Mo dìde lórí àga, mi ò lè jókòó mọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni láti bá àwọn obìnrin tó sá kúrò nílé ọkọ wá ibi tí wọn yóò sùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ kì í ṣe ti ìlù. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ aṣọ tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìyá tí kò gbọdọ̀ pè ni. Láti oṣù kejìlá 2015 ni òfin England àti Wales ti sọ irú ìnilára bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn tí ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú èèyàn, bí kò bá tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ni kò mọ̀. Orí Yasmeen ni èmi ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí kóòtù ti dá Yasmeen láre lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ pa Geoff, wọ́n tún mú Geoff gun òrùlé, ó já bọ́, ó kú. Ojú kóòtù ni mo fẹ́ rí i.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, bí obìnrin yẹn bá ṣì wà nítòsí yín, ẹ fún un ní nọ́ńbà Refuge, àjọ tó ń ran àwọn obìnrin tí wọ́n ń ni lára nílé lọ́wọ́: 0808 2000 247. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru, orúkọ rẹ̀ kò pọn dandan.

Bọ́ládé, E17

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Bọ̀dé. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Chantelle ti kú. Gbogbo ará Square, àdúgbò wọn ní Walford, gbà pé jàǹbá ni. Kí ni kí wọ́n wá fi Gray ṣe? Kó máa jókòó nínú ilé ọtí Queen Vic, kí Karen máa gbé oúnjẹ fún un, kí àwa nìkan máa mọ̀? Ẹnikẹ́ni ò lè fara da ìyẹn fún ọdún méjì. Ó di dandan kí àṣírí tú, àṣírí kì í sì í tú nínú eré bí kò bá sí ohun tó ń ti ọ̀daràn síwájú.

Ẹ tún wò ó pé Whitney ló kọ́kọ́ dojú kọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin tí Tony King ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ láti kékeré. Ó fi hàn pé irú wọn máa ń mọ ẹni tí wọ́n lè mú. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn náà.

Eré tí kò bá sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ta ni yóò wò ó? Lọ́jọ́ Kérésì 1986, ó ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù èèyàn lọ tó wo bí Den ṣe fún Angie ìyàwó rẹ̀ ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ayé yẹn ti lọ. Ní oṣù kejì 2023 wọ́n fi obìnrin mẹ́fà àti òkú kan hàn wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ń méfò títí di Kérésì kí a tó mọ̀ pé Keanu ni, àti pé Linda, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ló gún un nígbà tí Keanu ń fún Sharon, òmíràn nínú wọn, lọ́rùn. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn tí kò wo EastEnders rí ń béèrè lọ́wọ́ mi ta ló kú.

Ọmọ Hackney

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìyá Bọ̀dé mẹ́nu ba Mark Fowler. Ọdún 1990 ni ìdílé Tavernier dé Square: bàbá àgbà Jules, Celestine àti Etta, àwọn ọmọ wọn Clyde, Hattie àti Lloyd. Lloyd jẹ́ SS. Èmi náà jẹ́ SS. Mo kéré nígbà yẹn, inú yàrá ìwòsàn ni mo wà lọ́pọ̀ ìgbà, màmá mi sì pè mí pé kí n wá wo ọmọ tí ara ń ro bíi tèmi lórí BBC. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ní kíláàsì mi, wọ́n rò pé mò ń dọ́gbọ́n sá fún eré ìdárayá ni.

Ìdílé náà kó lọ, àìsàn náà sì bá wọn lọ. Láti ìgbà yẹn mi ò tíì rí i kí wọ́n tún fún un ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní England ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ wò fún un, ẹ̀yin nínú ilé yín sì mọ ìbéèrè tí ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà máa ń béèrè ṣáájú orúkọ bàbá: kí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ? Tọkọtaya tó jẹ́ AS àti AS, tí wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn kí wọ́n tó mọ̀, ìtàn ńlá nìyẹn, kò sì gba ọ̀bẹ.

Ìyá Bọ̀dé, Woolwich

Adùn, Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo ti kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ti adìyẹ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Bọ́ládé, àbúrò mi, o béèrè ohun tí wọn ì bá fi Gray ṣe. Mia àti Mackenzie ń kọ́? Àwọn ọmọ yẹn sùn nínú ilé yẹn lálaalẹ́. Kí ni wọ́n gbọ́ láti inú yàrá wọn? Ta ló jókòó tì wọ́n bi wọ́n léèrè? Bí Mia bá sọ gbólóhùn kan péré níwájú Karen níbi tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, àṣírí ti tú nìyẹn, Tina àti Kush ì bá sì wà láyè. Ìyá àgbà tó ti ń fi àna rẹ̀ yangàn, tó wá ń ro gbogbo ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín fún un, mo lè wo ìyẹn fún ọdún méjì. Lorraine Stanley tó ṣe Karen, obìnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe dé góńgó.

Ti obìnrin mẹ́fà yẹn sì ni mo fẹ́ kí o tún rò. Linda ni Dean Wicks fipá bá lò lọ́dún 2014, a rí bó ti jà títí kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Nígbà tó wá pa Keanu, wọ́n jẹ́ kí òun àti àwọn yòókù gbìmọ̀ fi ọ̀ràn náà bọ Dean lọ́rùn. Obìnrin tí òtítọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni gbà á gbọ́, òun ni wọ́n wá fi irọ́ sí lẹ́nu. Mo mọ àwọn ọkùnrin tó ń wo irú ìyẹn tí wọ́n ń yíjú sí ìyàwó wọn pé, "Ṣé o rí i? Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ lè máa méfò ta ló kú. Mi ò dárí jì wọ́n lórí ìyẹn.

Ọmọ Hackney, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára gan-an. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti tú ìgbéyàwó ká nítorí ìwé àyẹ̀wò kan. Ká ní èmi ni mò ń kọ ọ́, ilé Patrick Trueman, bàbá àgbàlagbà inú EastEnders, ni n óò gbé e sí, nítorí ó ti pẹ́ níbẹ̀ láti 2001, gbogbo ayé sì ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Kí ọmọ-ọmọ kan nínú ilé yẹn mú àfẹ́sọ́nà wálé, kí Patrick bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ọmọ náà bínú pé kí ló kàn án. Kí wọ́n wá fún wọn ní ọdún méjì gbáko, kí ẹnikẹ́ni má kú sí i.