Tòmátò, ata àti ilá ẹ̀yìnkùlé ń dé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà òjò: báwo ni kí a ṣe tọ́jú wọn?

Tíṣà Ọbáńtokò:

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko sẹ́yìnkùlé, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti sọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ọbáńtokò, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, di ọgbà. Yanrìn àti òkúta ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ti mú kí tòmátò, ata rodo, ṣọ̀ńbọ̀ àti ilá máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Oṣù kẹta ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn, gbogbo rẹ̀ a sì dé lẹ́ẹ̀kan náà láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje, nígbà tí òjò kì í jẹ́ kí a sá ohunkóhun, tí iná mànàmáná kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí èmi àti ìyàwó mi lè jẹ kò tó nǹkan nínú rẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù lọ ń jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo fẹ́ mọ bí ẹ̀yin ṣe ń tọ́jú tiyín. Ẹnìkan sọ fún mi pé bí a bá lọ tòmátò àti ata pọ̀, tí a sè é, tí a rọ ọ́ sínú ìgò, tí a sì da òróró lé e lórí, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún Kérésìmesì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Orúnlá, Ìtòkú:

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, Tíṣà. Ilá ni mo mọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ẹ dárúkọ, òun náà ni n ó sì sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gbó kí ẹ tó ká a. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ pátápátá kí ẹ tó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, nítorí omi ló ń mú un yọ̀, tí yóò fi lẹ̀ mọ́ra wọn, tí inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí férémù onígi, kí ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì tẹ́ ilá náà ní ìpele kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé orí àpáta ni àwọn ènìyàn wa ti ń sá láfún láti ọjọ́ pípẹ́, àpáta sì máa ń gbóná gan-an, ṣùgbọ́n nítorí eruku ọkọ̀ àti àwọn ewúrẹ́ àdúgbò, n kò ní gbà yín níyànjú rẹ̀. Ìgbà tí ilá bá ń ṣẹ́ dípò kó máa tẹ̀ ni ó gbẹ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí tó le, kí ẹ sì máa gún ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ sè, nítorí èyí tí a kò tíì gún máa ń pẹ́ ju èyí tí a ti gún lọ.

Ní ti ata, ṣọ̀ńbọ̀ yá gbẹ nítorí pé ẹran ara rẹ̀ kò nípọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ la rodo sí méjì. Bí òjò kò bá dá, ẹ gbé wọn sí òkè ààrò, kí ooru iná igi máa gbẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọbẹ̀ yóò gbọ́ òórùn èéfín díẹ̀, èyí tí èmi fẹ́ràn. Èyíkéyìí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe nù ún kí ẹ sì sè é, nítorí oró tó wà nínú irú ata bẹ́ẹ̀ kì í tán nínú iná.

Ọmọ Alábàtà:

Bàbá, mo kí yín. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀gbìn ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Alábàtà, ọ̀rọ̀ òróró yẹn ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí pé ó léwu. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum ń gbé inú erùpẹ̀, ó sì lè sùn sínú èèpo líle kan tí omi híhó lásán kò lè pa. Bí ó bá bá ara rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, tí oúnjẹ náà kò sì kan tó, yóò jí, yóò sì pèsè májèlé tí kò ní òórùn, tí kò sì yí àwọ̀ tàbí adùn oúnjẹ padà. Òróró tí a dà lé e lórí gan-an ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Tòmátò kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ata àti àlùbọ́sà tí a lọ̀ mọ́ ọn ń dín kíkan náà kù.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìgò, tòmátò nìkan ni kí ẹ sè títí yóò fi ki. Ẹ fi omi ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, ṣíbí ńlá kan fún ìgò ìdajì lítà, méjì fún ti lítà kan. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni ó dára jù, nítorí pé kíkan rẹ̀ kì í yí padà bíi ti ọsàn orí igi. Ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò tó mọ́, ẹ dé e, ẹ tò wọ́n sínú ìkòkò tí omi rẹ̀ bo ìdérí wọn, kí ẹ sì jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 35 fún ìgò ìdajì lítà, 40 fún ti lítà kan. Èyí tí àárín ìdérí rẹ̀ kò bá tẹ̀ wọlé díẹ̀ lẹ́yìn tí ó tutù, ẹ tètè jẹ ẹ́.

Ní tèmi o, ìgbà tí ẹ gbìn ni ó yẹ kí ẹ yí padà. Òjò tó ń bá yín jà nínú oṣù keje kì í sí mọ́ láti àárín oṣù kọkànlá. Ẹ jẹ́ kí ti oṣù kẹta jẹ́ èyí tí ẹ óò jẹ ní tútù, tí ẹ óò sì tà, nítorí pé tòmátò tó ń ti òkè Ọya wá máa ń wọ́n ní àkókò òjò. Kí ẹ wá gbin tòmátò mìíràn sí ibi ìtọ́jú irúgbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, kí ẹ lọ́ ọ sórí ebè lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì gbin ilá ní àárín oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, òòrùn ti dé, ọyẹ́ sì ti ń sún mọ́lé. Omi kànga ni ẹ óò máa fi bomi rin ín ní ìparí, ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yanrìn yẹn.

Ẹ má ṣe gbin tòmátò tuntun náà síbi tí tòmátò, ata tàbí ìgbá ti wà. Bí igi tòmátò kan bá rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ gé ìdí rẹ̀, kí ẹ fi í sínú ife omi tó mọ́. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde, àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sì sí oògùn tí yóò wò ó. Àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀.

Ará Adátán:

Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da fíríìsà nù tán. Èyí tó bá kún dẹ́nu lè mú nǹkan dúró ní dídì fún nǹkan bí ọjọ́ méjì láìsí iná bí a kò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹ fi ìgò omi dí àyè tó bá ṣófo. Ní ti tòmátò fún sísá, èmi kì í fi ebè mi ṣòfò lé e lórí, nítorí pé ti òkè Ọya máa ń pọ̀ yamùrá ní oṣù kìíní sí ìkejì. Ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń rà ní ọjà Láfẹ́nwá.

Tíṣà Ọbáńtokò:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó kù kan: mo gbọ́ pé ìkòkò amọ̀ méjì tí a kì bọ inú ara wọn lè mú ẹ̀fọ́ àti tòmátò tutù láìlo iná. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ níhìn-ín?

Ọmọ Alábàtà:

Bàbá, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ni ó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ilé-iṣẹ́ Rolex nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Yanrìn tútù ni a ń kó sí àárín ìkòkò méjèèjì, a ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu wọn. Bí omi yanrìn náà bá ṣe ń gbẹ lọ ni ó ń gbé ooru inú ìkòkò lọ pẹ̀lú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó nílò, èyí tí Jigawa ní fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, ìkòkò náà kò sì ní tutù tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ dúró di ìgbà ọyẹ́ kí ẹ tó dán an wò, níbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì máa bu omi sí yanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.