Wọ́n ń fún wa ní nọ́ńbà wọn, wọn kì í sì í gbé ìpè wa: kí ló fà á?

Òṣìṣẹ́ ìlera, Òmù-Àrán:

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará. Ibùdó ìlera kan ní agbègbè Òmù-Àrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni a ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláboyún àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, láti rán wọn létí ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Nọ́ńbà dókítà náà sì wà tí wọ́n lè pè bí ara bá yí padà ní òru. Nígbà tí a bá ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń súre fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ wa kò tó nǹkan, àwọn tó ń pe dókítà kò tiẹ̀ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, bí a bá sì pe àwọn mìíràn, pípa ni wọ́n ń pa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan gbé fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún mi pé kí n bá òun wo ohun tó ṣe é. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Mẹ́rìnlá nínú wọn jẹ́ tiwa, kò sí èyí tí wọ́n ṣí rí, wọ́n há sáàárín ìpolówó orin àti tẹ́tẹ́. Ṣé àwọn èèyàn wa kò fẹ́ ìtọ́jú orí fóònù ni, àbí àwa ni a kò mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀?

Ẹni tó ń ta káàdì ìpè, Ìpàtà, Ìlọrin:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbójú lé "bẹ́ẹ̀ ni" tí wọ́n ń sọ lójú yín. Ta ni yóò wo ojú nọ́ọ̀sì tí yóò gba ẹ̀bí rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tí yóò sì sọ pé òun kò ṣe?

Ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹnìkan yóò pè, yóò sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, yóò ní báǹkì ni òun ti ń pè, kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Kí ẹ tó mọ̀, owó ti lọ. Èmi gan-an ni mo ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má gbé ìpè tí wọn kò bá mọ ẹni tó ni ín. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì fi nọ́ńbà ibùdó náà pa mọ́ sínú fóònù aláìsàn níṣojú rẹ̀, kí ó pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó lè rí orúkọ tó jáde, kí ẹ má sì ṣe máa pààrọ̀ nọ́ńbà náà.

Ẹ tún yẹ ìwé yín wò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n dí ìpè jíjáde lórí síìmù tí a kò so mọ́ NIN, ọ̀pọ̀ ló sọ síìmù àtijọ́ nù. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa pe ẹlòmíràn.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọ̀fà:

Nígbà oyún mi kejì, nọ́ńbà ọkọ mi ni mo fún wọn, nítorí fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé. Lẹ́yìn tí mo bímọ, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé ọjọ́ tí mo dá fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti pé. Àbúrò ọkọ mi ló ń fi fóònù náà gbọ́ orin lọ́jọ́ náà. Ó ka ohun tó rí sókè níwájú ìyá ọkọ mi. Mi ò tíì bá ọkọ mi sọ ọ́. N kò padà sí ibùdó náà mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí léèrè, n ó ní mo fẹ́ràn ètò wọn.

Kí ẹ tó béèrè nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ ẹni tí fóònù máa ń wà. Kí ohun tí ẹ ó kọ jẹ́ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ẹtì" lásán. Ó ti tó.

Olùkọ́ èdè, Ìlọrin:

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí lára, òfin sì wà lẹ́yìn wọn: Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ àwọn ohun tó gba ìṣọ́ra jù.

N kò fara mọ́ ọn pé ìbẹ̀rù gbájúẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2010, nígbà tí NAFDAC gbé ètò fífi fóònù yẹ oògùn wò kalẹ̀, àwọn èèyàn ń ha ara páálí oògùn, wọ́n ń fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èsì sì ń dé kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Fred Davis, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1989, ní ohun méjì ni ènìyàn ń wò kó tó tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ tuntun: bóyá yóò wúlò fún òun, àti bóyá lílò rẹ̀ yóò rọrùn.

Èdè wo ni ẹ fi ń kọ ọ́? Bí ó bá jẹ́ Yorùbá tí kò ní àmì, ẹ wo "E lo ogun yin": ṣé kí ìyá lo oògùn ni, àbí kó lọ ogun? Ní South Africa, ètò MomConnect tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014 fún àwọn aláboyún ń lo èdè mọ́kànlá, ìyá sì lè fi ìbéèrè tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Tiyín ńkọ́? Bí mo bá jẹ́ yín, ohùn ni n ó fi ránṣẹ́, ohùn ẹni tó ń sọ Ìgbómìnà.

Òṣìṣẹ́ ìlera, Òmù-Àrán:

Mo dúpẹ́ gan-an. Ojú tì mí láti sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ wa, bí wọ́n ṣe gbé e fún wa nìyẹn. Láàárọ̀ yìí, mo fi nọ́ńbà wa pa mọ́ fún ìyá àgbàlagbà yẹn, mo sì pè é níbi tó jókòó sí. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó ní kí n pè é lálẹ́, nígbà tí ọmọ ọmọ òun bá ti dé láti ilé ìwé. Mo ti kọ aago méje sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wa. Àwọn yòókù náà, n ó béèrè àkókò tiwọn lọ́wọ́ wọn.