Iṣẹ́ abẹ ọ̀fun tí wọ́n ń fi róbọ́ọ̀tì ṣe: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòbí, Lọ́ńdọ́ọ̀nù:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Láti bí oṣù mẹ́ta ni kókó kan ti yọ lọ́rùn ọkọ mi. Kì í dùn wọ́n, a rò pé òtútù ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà sọ pé jẹjẹrẹ tọ́nsìlì ni, pé ó ṣì kéré, àti pé fáírọ́ọ̀sì HPV ló fà á. Wọ́n ní ká yan ọ̀kan: kí wọ́n fi ìtànṣán jó o, tàbí kí wọ́n fi róbọ́ọ̀tì gba ẹnu gé e. Baálé mi ní àwọn ò ní yanu sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Oorun ò kùn mí mọ́.

Dèjì Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Tí iná bá lọ ńkọ́, tí ẹ̀rọ ọ̀hún wà lágbede méjì ọ̀fun? Ẹ má bínú, ẹni tí iná mànàmáná ti jẹ níyà ló ń sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Dèjì, o ò ní í pa wá! Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kì í dá nǹkan kan ṣe. Mo ti dúró níbẹ̀ rí. Dókítà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan yàrá, á ki ojú bọ ibi tó ti ń wòran, á ti ìka bọ ibi ìdarí. Bó bá yí ọrùn ọwọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu aláìsàn náà á yí. Bó bá gbé orí kúrò, ẹ̀rọ á dúró gbagidi. Dókítà kejì á wà níbi orí aláìsàn, á máa fa ẹ̀jẹ̀ àti èéfín. Láyé àtijọ́, kí wọ́n tó dé ìdí ahọ́n, wọ́n lè la ètè, kí wọ́n fi ayùn la egungun àgbọ̀n, kí wọ́n sì fi irin dè é padà. Àwọn dókítà Yunifásítì Pennsylvania, ní Philadelphia, ni wọ́n ṣáájú nídìí gbígba ẹnu wọlé yìí. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ìparí 2009, fún kókó tó ṣì kéré. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà, ọwọ́ dókítà ò lè mọ bí ẹran ṣe le tó, ojú nìkan ló ń lò.

HPV sábà máa ń ti ara ìbálòpọ̀ ranni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi bú bàbá. Ó lè ti wà lára láti ogún ọdún, kí ẹ tó mọra pàápàá. Tòbí ńkọ́? Láti 2019 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọkùnrin náà ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ nílé ìwé ní England.

Ìyá Oníwòsàn:
Ẹ gbé wọn wálé jàre, àgbo wà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Jẹjẹrẹ tó kéré lónìí kì í dúró de àgbo.

Alàgbà Houston:
Wọ́n ṣe é fún mi ní 2018. Kò sí àpá lójú mi, àfi ti ọrùn, torí wọ́n la ibẹ̀ láti kó àwọn kókó tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kì í dunni, irọ́ ló pa. Ó dà bíi pé mo gbé àfọ́kù ìgò tí wọ́n fi ata rodo kùn mì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọlé fi wà nímú mi. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, mo mu ògì, ló bá gba imú jáde! Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù rèé: wọn ò là á yé mi pé ìtànṣán ṣì lè tẹ̀ lé e. Nígbà tí èsì ẹran tí wọ́n gé dé, jẹjẹrẹ ti bẹ́ jáde lára ọ̀kan nínú àwọn kókó ọrùn. Mo gba abẹ, mo gba ìtànṣán, mo tún gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Ìyá Tòbí, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: pẹ̀lú ohun tí síkáànù fi hàn, ṣé ó jọ pé abẹ nìkan á tó? Tí kò bá jọ bẹ́ẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ jẹ ìyà mẹ́ta fún?

Túndé Toronto:
Ọ̀rọ̀ bàbá nù un. Ìwádìí ORATOR, tí wọ́n darí láti Kánádà níbí, pín èèyàn 68 sọ́nà méjì, ìtànṣán àti róbọ́ọ̀tì. Èsì jáde ní 2019: lọ́dún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, àwọn onítànṣán ní àwọn ń gbé oúnjẹ mì dáadáa díẹ̀ ju àwọn tókù lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí dókítà á kà sí nǹkan. Etí híhó pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn onítànṣán. Ẹnu tí kò yà dáadáa ló pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọ̀kan nínú wọn sì kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Torí náà, ẹ bi dókítà pé mélòó ló ti ṣe, ṣé ó sì máa ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́rùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ, kí wọ́n má jìnnà sí ọsibítù.

Ìyá Tòbí, Lọ́ńdọ́ọ̀nù:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ ìbéèrè Alàgbà sẹ́yìn lẹ́tà ọsibítù, Ọjọ́bọ̀ la máa rí wọn. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí baálé mi létí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní kí n bi Alàgbà: ṣé ògì bàbà ni àbí funfun?

Alàgbà Houston:
Funfun ni. Ẹ sọ fún wọn pé bí ọjọ́ náà bá dé, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí wọ́n tó gbé e mì. Obìnrin tó kọ́ mi ní gbígbé nǹkan mì ló fi hàn mí, lọ́jọ́ kejì tí ìyàwó mi fi mí rẹ́rìn-ín.