Eré Kòríà wo ló kàn lẹ́yìn Beyond Evil?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ràn eré Kòríà tó ń tú inú ọmọ èèyàn wò, èyí tí a ò ní tètè mọ ọ̀daràn.

A ti wo Signal (2016), níbi tí ọlọ́pàá àtijọ́ àti ti òde òní ti ń fi wọkitọ́kì bára wọn sọ̀rọ̀. A wo Stranger (2017) náà, ti agbẹjọ́rò ìjọba tí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sọ di ẹni tí nǹkan kì í dùn, tí kì í dun. Àmọ́ Beyond Evil (2021) ló mú wa lọ́kàn jù. Apá 16, ìlú kékeré kan, ọlọ́pàá méjì tí ẹnìkan ò fọkàn tán ẹnìkejì. Ojú lásán ni wọ́n fi ń bára wọn jà! Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ tá a parí ẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ Mouse, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lé àbúrò mi sá.

Èwo ni ká wò báyìí, tí ẹ̀rù rẹ̀ á jẹ́ ti ọkàn, tí kò ní kún fún ẹ̀jẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìparí rẹ̀ fún wa.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.